Ààrò Tí Mo Mọ fún Àjẹìyó

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jẹ́ kí orúnkún kan orúnkún. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá já geere mọ́, kó bọ́ sí ọwọ́ òsì mi, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni itọ́ mi máa ń fọ́n sí bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ẹ̀rù, ilẹ̀ kò tíì ṣú, kó tètè máa lọ sílé. Lánihún, ìwọ ni mò ń wò.

"Ìyá ọdẹ, ẹ máa sọ tiyín," ni Lánihún dáhùn. "Ẹ̀rù kì í ba ọdẹ."

"Ọdẹ wo? Ìwọ tí ọ̀kẹ́rẹ́ lé wọnú ilé, tí o wá sọ fún ìyàwó rẹ pé àmọ̀tẹ́kùn ni?"

Ó tó, ẹ má rín in mọ́. Èmi náà tí mò ń bú u, ẹ máa tó gbọ́ bí mo ṣe sá.

Èmi ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ọdẹ, ìyàwó ọdẹ, èmi gan-an alára ọdẹ. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ojú ara wa rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Bí mo bá lúgọ sẹ́yìn igi, ìdí mi á yọ sọ́tùn-ún, á yọ sósì, ẹran á sì rò pé igi ló lúgọ sí èmi lẹ́yìn. Síbẹ̀ mo ń pa wọ́n. Bí ẹ bá rí obìnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ mú un wá kó wá gba ìbọn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì tán lára mi. Ẹ wo irun apá mi, ó ti ń dìde.

Mo wà nínú Igbó Àìkígbe lọ́jọ́ náà, igbó tí ẹyẹ kì í ti í ké, tí ewé bá já bọ́, wẹ́ré ni yóò balẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù àtijí ẹnìkan. Ebi pa mí. Mo jókòó lórí gbòǹgbò igi apá, mo tú iṣu sísun àti ẹran òyà tí mo dì sínú ewé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ibi tí mo ti ń jẹ ni mo ti rí nǹkan tó ń kọjá láàárín igi.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú ìdáná tí wọ́n ti pa tì, ara rẹ̀ sì ń ṣomi bí ìdí àmù. Ikùn rẹ̀ ṣófo débi pé awọ ikùn náà lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn fún òtútù. Kò wò mí. Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́, ì bá kọjá, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ni mí. Ìyá tó bí mi kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá lára ẹni tó ń jẹun láìpè é. Kí orí mi tó ronú, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀: "Ẹ wá jẹun o."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí a pè á rẹ́rìn-ín, á ní, "Á gba ibi ire," á sì bá tirẹ̀ lọ, bí ebi tilẹ̀ ń yọ ojú rẹ̀ síta. Bí ó bá jókòó tì wá, ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní tán kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ iwin nílé?

Ó dúró. Ara rẹ̀ kò yí padà. Ọrùn nìkan ló yí, títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ìwọ lo pè mí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Láti ìgbà tí igbó yìí ti wà," ni ó wí, "wọ́n ń sá fún mi, wọ́n ń ta mí lọ́fà, wọ́n ń ṣépè fún mi. Kò sí ẹni tó pè mí jẹun rí. Àjẹìyó ni orúkọ mi. Mo ń bọ̀."

Ó jókòó. Ó jẹ iṣu, ó jẹ ẹran, ó jẹ egungun, ó jẹ ewé tí mo fi dì í, ó lá gbòǹgbò igi, ó jẹ àpò ọdẹ mi pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè.

"N kò yó."

"Ó ti tán, bàbá," ni mo wí, ohùn mi rí bí ti òròmọdìyẹ.

"Àlejò tí wọ́n pè, tí kò yó, ta ló jẹ̀bi?"

Mo wá irọ́ tí mo lè pa, n kò rí. Mo ní, "Ẹni tó pè é ni."

"O mọ ẹjọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé rẹ."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sá, ẹ̀yin ará. Ẹ má wo bí mo ṣe sanra tó. Lọ́jọ́ yẹn, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí sílẹ̀ kó ṣáájú mi délé. Mo sá gba ẹ̀gún, mo sá gba odò, n kò wẹ̀yìn. Àṣé Àjẹìyó kò sáré rárá. Bí mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan wọ ẹ̀yìnkùlé mi ni mo gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn létí mi.

Àwẹ̀ró ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́. Ọmọ Mopélọ́lá ni, àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀ láti kí mi. Àjẹìyó na ọwọ́ kọjá léjìká mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, ọmọ sì dojú bolẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ tó já. Nígbà tí mo gbé e, ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí mi. Èémí tó kù nínú rẹ̀ kò ju èyí tó lè mi ìyẹ́ adìyẹ lọ.

"Mo fi í dógò," ni Àjẹìyó wí. "Bí mo bá yó, ọmọ á jí. Bí oṣù tuntun bá lé tí n kò yó, òun ni n ó fi parí oúnjẹ tí o pè mí sí."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìdáná wa, iná kú. Ó lọ jókòó sí ìdí ògiri balùwẹ̀, ó gbé agbọ̀n lé orúnkún, ó ń wò wá.

Èmi àti Mopélọ́lá sè títí ọwọ́ wa fi bó. A ń lọ fọn iná lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, nítorí bí iná kò bá tíì le, fífẹ́ kan ni Àjẹìyó máa ń fẹ́ ẹ tó fi ń kú. Iná ńlá nìkan ni kì í sún mọ́. A gúnyán, a se ẹ̀wà, a yan ẹran. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ìkòkò ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, iná ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, àjẹkù ni ẹ ń gbé fún mi. Oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ tòun tàwo rẹ̀ ni mo fẹ́. Iná ni kó sè é, ṣùgbọ́n kí iná ti jáde kúrò nílé kí oúnjẹ tó wọlé. Ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni kó ti jinná, kí n máa wò ó."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí orí fi fọ́ mi. Mopélọ́lá ló tú u.

"Ìyá mi, ààrò búrẹ́dì ni."

"Èwo ni ààrò búrẹ́dì?"

"Irú èyí tí wọ́n ní nílùú tí mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n róbótó bí ahéré kékeré. Wọ́n á dá iná igi sínú rẹ̀ títí ògiri á fi gbóná, wọ́n á wọ́ iná dànù, wọ́n á wá ti búrẹ́dì wọlé. Mo lè pò ìyẹ̀fun, kí n fi ẹmu sí i kó wú, kí n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí àwo. A ó da ata àti tòmátì lé e, a ó rún wàrà dídì sí i. Àwo nìyẹn, ọbẹ̀ nìyẹn."

Mo dì mọ́ ọn. Mo ní kí ló wá ṣòro níbẹ̀, ṣebí amọ̀ ni. Mo gbẹ́ ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé, mo pò ó, mo mọ ọ́n, mo ṣe ẹnu rẹ̀ bàǹbà bí ẹnu ọ̀nà kí n lè máa rí inú rẹ̀ dáadáa. Kò tíì gbẹ tí mo fi da igi sí i, mo ṣáná. Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí. Ó là láti òkè délẹ̀, ó dún bí ìbọn, òrùlé rẹ̀ wó pa iná. Àjẹìyó rẹ́rìn-ín nídìí balùwẹ̀, ìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sí wa lórí nínú oòrùn ọ̀sán.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mopélọ́lá ń sunkún. Èmi wo ara mi nínú ẹrẹ̀, mo rí bí ẹlẹ́dẹ̀ arúgbó, ẹ̀rín sì pa mí. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo rín in tán, mo nu ojú. Mo bi ara mi pé ilé ta ni iná ìgbẹ́ ń jó lọ́dọọdún tí kì í wó. Ọ̀gán ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jó igbó tán, tí igi dúdú, tí koríko di eérú, òkìtì ọ̀gán á ṣì nàró síbẹ̀. Mo sọ fún Mopélọ́lá pé kó máa gbé ọmọ mọ́ àyà kí ara rẹ̀ lè móoru, mo gbé àdá, mo gbé ìbọn, mo wọgbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yàn nínú igbó kéékèèké, ẹ kò dé Ìlú Ọ̀gán rí. Òkìtì tó ga ju ọ̀pẹ lọ tò síbẹ̀ lọ salalu, kò sí ojú fèrèsé, kò sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí inú ẹni tí ebi ń pa. Igi ibẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara ti ọ̀kan, ọwọ́ mi wọlé lọ. Wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo nìkan ló kù. Mo wá rí i pé ohun gbogbo tó wà láyìíká mi, èèpo ni.

"Ta ló ń tẹ òrùlé mi mọ́lẹ̀ bí erin yìí?" Ohùn náà ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, ohùn obìnrin.

"Èmi Ọdẹ́bùnmi ni, Kábíyèsí. Kì í ṣe erin, ìdí mi ni."

Ilẹ̀ là díẹ̀. Mo rí ayaba wọn, funfun, ó gùn bí ẹní tí wọ́n ká, ó ń dán, ó ń mí. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yí i ká, wọ́n kò lójú, orí wọn pupa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ.

"Kí lo wá wá?"

"Amọ̀ ni, Kábíyèsí. Mo fẹ́ fi mọ ilé."

"Ilé fún ta ni?"

N kò lè purọ́ fún ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Fún iná ni."

Gbogbo kíkùn dákẹ́.

"Iná tó ń pa àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún ni ìwọ fẹ́ fi ara ilé wa kọ́lé fún."

Mo wólẹ̀, mo ròyìn Àwẹ̀ró fún un, bí ó ṣe kúnlẹ̀ kí mi tí òtútù fi mú un. Mo ròyìn bí mo ṣe pe iwin jẹun. Ayaba gbọ́ títí.

"Èmi náà bímọ," ni ó wí. "Ẹnu rẹ ló kó ọ dé ibí. Bí ẹnu náà bá lè sinmi, wàá gba amọ̀. Ki apá rẹ bọ ilé mi. Bí o bá ké, bí o bá kùn, bí o bá tilẹ̀ pe Ọlọ́run, apá náà di tiwa."

Ẹ̀yin mọ̀ mí. Bí ẹ̀fọn bá jẹ mí, ará òkè odò ń gbọ́. Mo ki apá bọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìwo tọ́ mi wò bí ìgbà tí obìnrin ń yan tòmátì lọ́jà. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná rán apá mi mọ́ ilẹ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń jẹ mí, kì í ṣe pé ó dùn mí nìkan, mo ń gbọ́ ọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sísun. Igbe dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Òmíràn dé, mo gbé e mì. Mo bú ayaba nínú ikùn mi, mo bú ìyá rẹ̀, mo bú àna rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n lè pa ẹnu dé ni ojú Àwẹ̀ró tó là sílẹ̀ tí kò rí mi.

"Fà á jáde," ni ayaba wí.

Ẹ wò ó. Ẹ gbé iná wá, ẹ wo apá náà. Lánihún, má fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ẹran ọjà.

Wọ́n gbé amọ̀ lé mi lórí. Ayaba ní, "Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ dáadáa. Gé koríko gbígbẹ sí i, kó lè di ara rẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, iná kékeré ni kó kọ́kọ́ mọ̀, kó tó mọ ńlá. Ẹni tó bá kánjú á tún wá síbí, a ò sì ní í dá apá kejì padà."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́, Kábíyèsí? Báwo ni kó ti tóbi tó?"

"Ẹnu kì í ṣe iṣẹ́ wa, àwa kì í ṣílẹ̀kùn. Béèrè ní Ìlú Ẹlẹ́nu."

Amọ̀ náà wúwo débi pé ọrùn mi wọnú èjìká. Ọjọ́ yẹn ni mo kúrú. Tẹ́lẹ̀ rí, mo ga, ẹni tó mọ̀ mí ti kú. Bí mo ti ń lọ, òkùnkùn igbó ń fún mọ́ mi, mo sì ń gbọ́ eyín tó ń lu ara wọn níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé oṣù ń joro lọ lókè orí mi.

Òpópó kan ṣoṣo ló wà ní Ìlú Ẹlẹ́nu. Àwọn tó ń gbé lápá ọ̀tún, ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ láti etí dé etí, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Bí wọ́n bá yà á, ẹ máa rí ẹ̀dọ̀ wọn. Gbogbo wọn ló ń gbọ̀n, nítorí afẹ́fẹ́ ń wọ inú wọn ṣàn-án, ooru wọn sì ń dà síta. Àwọn ti apá òsì, ẹnu wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Èéfín ń yọ létí wọn, wọ́n ń wúkọ́, ojú wọn pọ́n bí ata. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n dà jáde lápá méjèèjì, wọ́n sé ọ̀nà mọ́ mi níwájú àti lẹ́yìn.

"Àlejò, dá wa lẹ́jọ́," ni àwọn ẹlẹ́nu gbàràmù wí. "Ẹnu ta ni ẹnu? Bí o bá ní tiwọn ni, a ó gbé ọ mì."

Mo wo ọ̀fun ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo rí fìlà ọdẹ kan níbẹ̀, mo rí ẹyọ bàtà kan. Ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. N kò ní í purọ́ fún yín, díẹ̀ bọ́.

Àwọn ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ ń kọrin bí ẹ̀fọn: "Bí o bá ní tiwọn ni, a ó rán tìrẹ pa." Wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ àti okùn iṣan ẹran sókè.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í fi ẹnu lásán dá ẹjọ́ ẹnu. Ẹ gbé ẹ̀yinná wá. Ẹni tí ẹ̀yinná bá pẹ́ láàyè lẹ́nu rẹ̀ ló ni ẹnu."

Ẹlẹ́nu gbàràmù kan ju ẹ̀yinná sẹ́nu. Ó kọ yàà, atẹ́gùn gbé e, ojú ẹsẹ̀ ló di eérú. Ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ kan fọ́ tirẹ̀ wẹ́wẹ́ kó tó lè tì í wọlé. Èéfín dúdú tú jáde létí rẹ̀, ẹ̀yinná kú sínú. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi bí ẹni tó ń wo ẹran tí wọ́n ti dì. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n ti sọ mí di ọ̀tá apá méjèèjì.

Ni ìyá arúgbó kan bá tọ̀ wá bọ̀ láti òpin òpópó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ìyá rẹ̀ ti apá ọ̀tún wá, bàbá rẹ̀ ti apá òsì. Kò sí apá tó gbà á, òun nìkan ló ń dá gbé. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ jù, kò sì há. Ó mú ẹ̀yinná kan, ó gbé e sẹ́nu, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yinná náà pọ́n, ó dúró ní pípọ́n. Mo rí i pé afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ wọlé, èéfín ń gba òkè jáde, ọ̀kan kò dí ọ̀kan lọ́nà.

Mo fa okùn ìbọn mi yọ. Mo fi wọn orí ìyá náà láti àgbọ̀n dé àtàrí, mo ká okùn náà sí méjì, mo wọn ẹnu rẹ̀: ó ju ìdajì okùn yẹn lọ díẹ̀. Mo ta kókó síbẹ̀.

Ìyá náà tu ẹ̀yinná dànù. "Wo òkè ẹnu mi," ni ó wí. Òkè ẹnu rẹ̀ dúdú fún èédú. Bí mo ti ń wò ó, funfun bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń tàn káàkiri. "Ìgbà tí dúdú yẹn bá funfun tán ni ooru tó wọ ògiri. Kó tó funfun, má wọ́ iná jáde. Bí ó bá sì ti funfun, má fi iná pamọ́ síbẹ̀, ohun yòówù tí ì báà dúró tì ọ́."

Bí apá méjèèjì ti gbọ́ pé òun ló borí, ìjà dé. Àwọn tọ̀tún ní ọmọ àwọn ni, àwọn tòsì ní ọmọ àwọn ni, àwọn tí kò fún un ní omi rí. Mo gba abẹ́ apá wọn kọjá.

Nígbà tí mo délé, Àjẹìyó ti kúrò nídìí balùwẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Mopélọ́lá gbé ìyẹ́ adìyẹ sí imú ọmọ fún mi láti wò. Ó pẹ́ kó tó mì. Kò sí ará àdúgbò tó wọlé wá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí wa, wọ́n ń yára kọjá.

Mo to òkúta sílẹ̀ bí pèpéle. Mo kó yanrìn lé e róbótó bí ikùn aláboyún, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Èmi àti ọmọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, a gé koríko sí i, a mọ ọ́n yí yanrìn ká, mo ṣe ẹnu rẹ̀ kó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ díẹ̀, bí kókó okùn mi ti wí. Nígbà tí ó gbẹ, a wa yanrìn jáde láti ẹnu yẹn. Mo wá dá iná kékeré sí i, bí iná tí a fi ń yá omi ọmọ tuntun, mo sì jókòó síwájú ẹnu rẹ̀ kí Àjẹìyó má bàa rí i fẹ́ pa. Lọ́jọ́ kejì, mo fi díẹ̀ kún un.

"Iná yìí kéré," ni Àjẹìyó wí. Ó ti sún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ń yọ omi.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bàbá."

"Oṣù kò mọ ẹ̀sọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú egungun mi. Àwẹ̀ró wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo gbé e síbẹ̀ kí Àjẹìyó má bàa lè sún mọ́ ọn. Òkúta ń gbóná sí i lára, síbẹ̀ ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Kò sí ohun tó ń wù mí bíi kí n da gbogbo igi sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo fi eyín di ètè mi mú.

Ọjọ́ tí amọ̀ náà kò ṣomi mọ́ ni mo to igi àyín sí i, mo jẹ́ kó jó. Ó hó nínú ilé rẹ̀ bí ẹranko. Àjẹìyó fà sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ bo ojú. Ó fẹ́ atẹ́gùn, ẹnu ààrò dá a padà. Láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Oòrùn ń wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo òkè inú ààrò: dúdú kirikiri. Mo tún wò ó. Funfun kan yọ láàárín, ó ń tàn.

Kí ẹ tó máa dá mi lẹ́jọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Iná yẹn nìkan ló dúró láàárín èmi àti ohun tó wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá wọ́ ọ jáde, fífẹ́ kan péré ni Àjẹìyó á fi pa á. Àwo búrẹ́dì méjì ti wà lórí pákó, Mopélọ́lá ti fi ata, tòmátì àti wàrà bò wọ́n, ó ń wò mí. Òrùlé ààrò funfun tán. Mo gbé ọkọ́ ọlọ́wọ́ gígùn, ọwọ́ mi kọ̀.

"Ìyá mi, ẹ wọ́ ọ jáde," ni Mopélọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ.

Mo wọ́ ọ jáde. Àjẹìyó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀yinná dúdú, wọ́n ṣe ṣìn-ìn. Mo fi ìgbálẹ̀ tútù gbá ilẹ̀ ààrò, mo ti búrẹ́dì méjèèjì wọlé, mo fi pákó dí ẹnu rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́yìn mi gan-an. Omi ara rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.

"Níbo ni iná wà?"

"Ó ti jáde, bí ẹ ti wí."

"Kí ló wá ń sè é?"

"Ògiri ni."

"Ògiri kò ní iná."

"Ó rántí rẹ̀," ni mo wí. Èmi tí mo sọ ọ́, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi ní ìpàkọ́. "Wo ìwọ̀-oòrùn," ni ó wí. Mo wò ó. Oṣù tuntun wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Mo ṣí pákó. Etí àwo náà ti wú, ó ti pọ́n, ata ń hó lórí rẹ̀, wàrà ti pọ́n bí wúrà. Mo fi pákó gbé ọ̀kan fún un. Ó wo àwo náà títí, bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ó jẹ ọbẹ̀, ó jẹ àwo, ó jẹ èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Awọ ikùn náà kò gbọ̀n mọ́. Ó gùnfẹ̀, èémí tó jáde sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Báyìí ló ṣe máa ń rí?" ni ó bi mí, bí ọmọdé. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gba ara ògiri kọjá, ó lọ, n kò rí i mọ́ títí di òní.

Mo sáré bá Àwẹ̀ró. Ó ṣì tutù. Ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Ìyá mi," ni Mopélọ́lá wí, "ó ti lọ, kò dá a padà." Ó gbé ìyẹ́ adìyẹ sí imú ọmọ. Kò mì.

Ẹ̀rù tó ti bà mí látẹ̀yìnwá, eré ni lójú èyí. N kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo fa búrẹ́dì kejì jáde pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ó jó mi, mo fà á ya, mo gbé e sí ọmọ náà ní àtẹ́lẹwọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ pa lé e, mo dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ tèmi. Mò ń pe oríkì rẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, ooru búrẹ́dì wọ̀ ọ́ lára, imú rẹ̀ mì. Ọwọ́ rẹ̀ fa ara rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó gbé búrẹ́dì lọ sẹ́nu, ó gé e jẹ, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí. Ó rí mi. Ó fa ojú ro.

"Ìyá àgbà," ni ó wí, "kò níyọ̀."

Mopélọ́lá jókòó sínú eérú, ó gbé ọwọ́ lé orí. Òótọ́ ni ọmọ wí. Nínú gbogbo ìpayà yẹn, kò sí èyí tó rántí iyọ̀ nínú àwa méjèèjì. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo dìde, mo lọ bu iyọ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi rìn dé ibí, ẹ kú ìfaradà. Kí ẹ bá ara líle nílé.